Bẹ́líìtì Tí Máfọwọ́kàn-án Jù Dànù

Bí ẹ bá fẹ́ mọ ìdí tí wọ́n fi ń pe obìnrin yìí ní Máfọwọ́kàn-án, ẹ kàn wọ ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, kí ẹ na ìka sí nǹkan kan lórí tábìlì. Ìka yín kò tíì ní débẹ̀ tí ohùn rẹ̀ á ti gbá yín létí: "Má fọwọ́ kàn án!" Kò mọ ọmọdé, kò mọ àgbà. Ọ̀gá ilé iṣẹ́ kan tó gbé kọ̀ǹpútà ara rẹ̀ wá fún àtúnṣe gbọ́ ọ lọ́jọ́ kan, ó fa ọwọ́ padà kíá, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í tọrọ àforíjì lọ́wọ́ ẹ̀rọ tó fi owó ara rẹ̀ rà.

Àwọn kan máa ń sọ pé inú rere ló wà lábẹ́ ìbínú rẹ̀, bí ẹ̀pà ṣe ń wà nínú èèpo. Ẹ má dá wọn lóhùn. Inú rere náà wà, n ò jiyàn, ṣùgbọ́n ìbínú náà kì í ṣe èèpo lára obìnrin yìí. Òun gan-an ni. Ó ń bínú sí àwọn ilé iṣẹ́ tó ń fi gọ́ọ̀mù lẹ ẹ̀rọ pa kí ẹnikẹ́ni má baà lè tú u. Ó ń bínú sí ẹni tó ju ẹ̀rọ bàbá rẹ̀ sí ààtàn nítorí pé tuntun dé. Ó ń bínú sí eruku, sí ooru, sí súkúrù tó bá bọ́ sílẹ̀ tó sì mọ̀ọ́mọ̀ yí lọ sábẹ́ kọ́bọ́ọ̀dù. Bí kò bá tíì rí nǹkan bínú sí títí oòrùn fi gòkè, àwọn ará àdúgbò á ní àfàìmọ̀ kó má jẹ́ pé ara rẹ̀ ò yá.

Yàrá iwájú nínú ilé tí bàbá rẹ̀ fi sílẹ̀ ni ṣọ́ọ̀bù náà. Tábìlì gígùn kan wà lábẹ́ fèrèsé, aṣọ funfun wà lórí rẹ̀ kí ohun tó bá já bọ́ lè hàn, òórùn sípíríìtì sì ti wọ ara ògiri débi pé bí wọ́n bá kun ún ní ọ̀dà tuntun, òórùn náà á tún yọ jáde. Àwọn kọ̀ǹpútà alágbèéká ayé ijọ́un ló ń tún ṣe, àwọn tó wúwo bí búlọ́ọ̀kù, tí wọ́n ní ẹnu lẹ́gbẹ̀ẹ́ tí wọ́n ń ki díìsì pẹlẹbẹ bọ̀. Nínú ẹnu yẹn ni bẹ́líìtì wà. Rọ́bà lásán ni, ó fẹ́lẹ́ bí awọ àlùbọ́sà, òun ló sì so ẹ́ńjìnnì kékeré mọ́ wíìlì tó ń yí díìsì. Bí kò bá sí bẹ́líìtì, díìsì ò ní yí. Bí díìsì ò bá sì yí, gbogbo ohun tí èèyàn kọ sínú rẹ̀ dàbí oúnjẹ tó wà nínú kọ́bọ́ọ̀dù tí kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ sọ nù.

Bí ọdún bá ti ń gorí ọdún, rọ́bà yìí á gbó. Òmíràn á nà bí rọ́bà ṣòkòtò ọmọ iléèwé. Òmíràn á yọ́, á dúdú, á sì máa lẹ̀ mọ́ ọwọ́ bí ọ̀dà títì. Ẹni tó bá fẹ́ fi tuntun rọ́pò rẹ̀ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ fi òwú àti sípíríìtì nu gbogbo ìdọ̀tí yẹn kúrò lára wíìlì, lábẹ́ wíìlì, àti pàápàá lára ojú kékeré tí ẹ̀rọ fi ń ka díìsì. Bí tíńtín bá kù lójú yẹn, ẹ̀rọ á máa purọ́. Á ní òun ò rí nǹkan kan, pé díìsì ṣófo, nígbà tó jẹ́ pé ojú òun ló dọ̀tí. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi irọ́ yẹn sọ́kàn, torí òun ló da ilé náà rú.

Bàbá wọn ló kọ́ ọ níṣẹ́, òun àti àbúrò rẹ̀ ọkùnrin. Àwọn méjèèjì ni wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ nínú ṣọ́ọ̀bù náà. Kòséwu ni wọ́n ń pe àbúrò, nítorí pé kò sí ohun tí oníbàárà gbé dé tí kì í sọ pé "Kò séwu." Bí èéfín bá ń tinú ẹ̀rọ jáde, kò séwu. Bí wọ́n bá fi tíì wẹ̀ ẹ́, kò séwu. Òun làwọn oníbàárà fẹ́ràn, ẹ̀gbọ́n ni wọ́n sì ń bẹ̀rù, bàbá sì ti mọ̀ pé bí wọ́n ṣe máa rí nìyẹn kó tó kú. Ó ti kọ́ wọn láti máa dojú kọ ara wọn ní tábìlì bí wọ́n bá ń fi bẹ́líìtì sínú ẹ̀rọ. Wáyà pẹlẹbẹ kan wà nínú ẹ̀rọ tó bo ọ̀nà, ó rọ bí ewé gbígbẹ, bí wọ́n bá sì ká a kọjá ààlà, ó já nìyẹn. Ẹnì kan á fi ẹ̀mú gbé wáyà yìí sókè, á dì í mú láìmí, ẹnì kejì á wá fi bẹ́líìtì kọ́ wíìlì. "Ọwọ́ kan ò gbẹ́rù dórí," bàbá á wí. "Iṣẹ́ ọwọ́ mẹ́rin ni."

Òfin kan tún wà tí bàbá fi lélẹ̀: ẹnikẹ́ni ò gbọ́dọ̀ fi díìsì tó ní nǹkan nínú dán ẹ̀rọ wò. Agolo kan wà nídìí tábìlì tó kún fún díìsì òkú, ìyẹn àwọn díìsì tí kò sí nǹkan kan nínú wọn mọ́. Àwọn ni wọ́n ń kì bọ ẹ̀rọ tí wọ́n bá ṣẹ̀ṣẹ̀ tún ṣe. Ẹ̀rọ á wò ó, á sì béèrè lójú gíláàsì tí ọ̀rọ̀ ti ń hàn pé: díìsì yìí ṣófo, ṣé kí n nù ún mọ́ kí n tún un tò? Wọ́n á tẹ bẹ́ẹ̀ ni. Láti kékeré ni wọ́n ti ń tẹ bẹ́ẹ̀ ni. Ìka wọn ti mọ ibi tó wà bí ẹsẹ̀ ṣe ń mọ àtẹ̀gùn ilé.

Wàyí o, ẹ jẹ́ kí n sọ ti ìyá wọn. Bí ẹ bá ń wá ibi tí Máfọwọ́kàn-án ti jogún ìbínú, ẹ má rìn jìnnà. Obìnrin náà gbóná nígbà èwe rẹ̀ débi pé ọkọ rẹ̀ máa ń wí pé òun ò nílò ààrò nínú ilé. Bí wọ́n bá ti jà, bàbá á lọ jókòó sídìí kọ̀ǹpútà tirẹ̀, á ki díìsì kan báyìí bọ̀ ọ́, ẹ̀rọ á sì bẹ̀rẹ̀ sí í kọ orin kan tí bàbá fúnra rẹ̀ tò sínú díìsì náà. Ohùn ẹ̀rọ náà tín-ínrín bíi ti ìrẹ̀. Kò ní ọ̀rọ̀, ohùn lásán ni. Àwọn ọmọ tó bá wà lẹ́yìnkùlé á gbọ́ ọ, wọ́n á sì mọ̀ pé ìjà ti parí, pé àwọn lè wọlé wá jẹun. Lẹ́yìn ikú bàbá, ẹ̀rọ náà fúnra rẹ̀ dákẹ́, bẹ́líìtì inú rẹ̀ yọ́. Ìyá fi aṣọ wé e, ó gbé e pẹ̀lú díìsì náà sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Àwọn ọmọ á ní kí àwọn tún un ṣe, á ní kí wọ́n fi í sílẹ̀, òun ò bá ẹnikẹ́ni jà báyìí.

Ṣùgbọ́n etí ìyá bẹ̀rẹ̀ sí í lọ. Etí òsì kọ́kọ́ dí. Nígbà tí ọ̀tún náà bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ̀lé e, wọ́n gbé e lọ sọ́dọ̀ dókítà elétí, dókítà sì sọ ojú abẹ níkòó: kò sí oògùn rẹ̀, yóò dí, kò sì ní pẹ́. Nínú ilé nígbà yẹn, ohùn kan ṣoṣo ló ṣẹ́kù tí ìyá ń gbọ́ láìbéèrè pé "Kí lo wí?" Ohùn Máfọwọ́kàn-án ni. Kòséwu máa ń fi ṣe yẹ̀yẹ́ pé ẹni tó bá fẹ́ kí Màámi gbọ́ nǹkan, kó lọ múnú bí Àǹtí òun.

Ọjọ́ tí wọ́n ti ọ̀dọ̀ dókítà dé, ìyá jókòó sórí àga rẹ̀, kò tíì bọ́ bàtà.

"Ẹ gbé ẹ̀rọ bàbá yín jáde," ó wí. "Mo fẹ́ gbọ́ orin yẹn lẹ́ẹ̀kan sí i kí ilẹ̀kùn yìí tó tì."

Ohun tó fẹ́ nìyẹn. Kò béèrè nǹkan mìíràn.

Kòséwu ló lọ rí bẹ́líìtì rà lọ́dọ̀ ọkùnrin kan tó ń ta ẹ̀yà ara ẹ̀rọ àtijọ́. Wọ́n fẹnu kò pé àwọn méjèèjì máa jókòó sí i bí ẹ̀gbọ́n bá ti ilé iṣẹ́ kan tó ń lọ tún ẹ̀rọ wọn ṣe dé. Ẹ̀gbọ́n jáde láàárọ̀. Kòséwu wo ẹ̀rọ, ó wo bẹ́líìtì, ó wo ìyá rẹ̀ tó tẹ́tí sí rédíò tí ó ti yí sókè dé góńgó. Ó ní kí òun ṣe é, kí ẹ̀gbọ́n tó dé, ẹ̀rọ á ti máa kọrin. Inú rere ni o. Ohun tó ń bí mi nínú nípa inú rere nìyẹn, kì í dúró de ẹnikẹ́ni.

Òun nìkan ló ṣe é. Ó ṣe oríire, wáyà ò já. Ó nu wíìlì, ó nu abẹ́ wíìlì, àmọ́ nínú ìwàǹwára, kò tan iná wo ojú tí ẹ̀rọ fi ń kàwé. Ó fi bẹ́líìtì kọ́ ọ, ó yí geere. Inú rẹ̀ dùn. Dípò kó bẹ̀rẹ̀ mú díìsì òkú nínú agolo, díìsì bàbá tó wà níwájú rẹ̀ ló mú, ó kì í bọ̀ ọ́. Ẹ̀rọ wò ó pẹ̀lú ojú dídọ̀tí, ó sì pa irọ́ tí mo ní kí ẹ rántí: díìsì yìí ṣófo, ṣé kí n nù ún mọ́? Ìka Kòséwu tẹ bẹ́ẹ̀ ni. Kì í ṣe pé ó rò ó. Ìka ló ṣe é, bó ṣe ń ṣe é láti kékeré. Ẹ̀rọ ti ń kùn nígbà tí ọkàn rẹ̀ bá ìka rẹ̀, ó sì fa díìsì náà yọ bí ẹni tó ń fa ọmọ yọ nínú kànga.

Kòséwu lè purọ́. Ó lè ní ọjọ́ ogbó ló pa díìsì. Ṣùgbọ́n ẹnu ilẹ̀kùn ló ti pàdé ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ojú rẹ̀ ti fàro.

"Àǹtí mi, mo ti bà á jẹ́."

"O ba kí ni jẹ́?"

"Díìsì bàbá. Mo fi dán ẹ̀rọ wò. Ó béèrè, mo sì tẹ bẹ́ẹ̀ ni."

Máfọwọ́kàn-án gbé báàgì iṣẹ́ rẹ̀ sílẹ̀ jẹ́ẹ́. Jẹ́ẹ́ yẹn ló dẹ́rù ba Kòséwu jù.

"O tẹ kí ni?"

"Ọwọ́ mi ni, Àǹtí mi. N ò mọ̀gbà tí…"

"Ọwọ́ ẹ! Ta ló ni ọwọ́? Àbí aládùúgbò ló yá ẹ lọ́wọ́ ọ̀hún? Agolo díìsì òkú wà níwájú ẹ bí ìkòkò omi, o ò rí i! Bàbá fi òfin kan ṣoṣo sílẹ̀ fún wa, kan ṣoṣo, kò ní ká gun òkè, kò ní ká wọ odò, ó ní ká bẹ̀rẹ̀ mú díìsì nínú agolo! Ẹ̀yìn ẹ le tó bẹ́ẹ̀ tí o ò lè bẹ̀rẹ̀?"

"Ẹ má bínú."

"Màá bínú! Màá bínú dọ́la! Ẹlẹ́nu kò séwu! Ewu rèé, ó dé, ó jókòó, fún un lóúnjẹ!"

Ó fo lọ sídìí tábìlì, ó fi ẹ̀mú fa bẹ́líìtì tuntun náà tu kúrò nínú ẹ̀rọ, ó sì jù ú gba ojú fèrèsé sínú gọ́tà. Ó ní bẹ́líìtì tí kò lè ka iṣẹ́ ọwọ́ bàbá òun kò ní sùn nínú ilé òun. Omi gọ́tà gbé e lọ lójú wọn.

"Láti òní lọ," ó wí, "má fọwọ́ kan ẹ̀rọ yìí. Má fọwọ́ kan tábìlì yìí. Nǹkan tí bàbá fi sílẹ̀, má fọwọ́ kàn án mọ́."

Gbólóhùn tó máa ń pa gbogbo ayé lẹ́rìn-ín ni, àmọ́ lọ́jọ́ yẹn kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín. Kòséwu kó súkúdíráfà rẹ̀, ó lọ jókòó sábẹ́ páànù ẹ̀yìnkùlé, ibẹ̀ ló sì ti ń ṣiṣẹ́ láti ọjọ́ náà.

Nǹkan kan wà tí ẹ̀gbọ́n mọ̀ tí kò sọ. Nígbà tí ara rẹ̀ rọ̀ díẹ̀, ó ronú sí i. Ẹ̀rọ kì í nu díìsì lẹ́ẹ̀kan náà, etí díìsì ló ti ń bẹ̀rẹ̀, á wá máa wọ àárín lọ díẹ̀díẹ̀. Kòséwu sì ti fà á yọ kó tó jìnnà. Èyí tó nù ni orí orin náà. Ó ṣeé ṣe kí ara rẹ̀ ṣì wà níbẹ̀ digbí, bí ẹ̀rọ tó ríran bá kà á. Ó yẹ kó pe àbúrò rẹ̀ kó sọ fún un, kí ọmọkùnrin náà lè rí oorun sùn. Kò pè é. Ó ní kó jìyà díẹ̀ sí i.

Ó wá dojú kọ iṣẹ́ náà ní òun nìkan. Ó ránṣẹ́ ra bẹ́líìtì lọ́nà jíjìn, kò fẹ́ èyí tó ti ọwọ́ ẹni tí Kòséwu mọ̀ wá. Èyí tó kọ́kọ́ dé fẹ̀ jù, ó ń jó lórí wíìlì. Ó bú u. Èkejì há, ó mú kí ẹ́ńjìnnì máa kérora. Ó bú òun náà, ó sì fẹ́ fà á kúrò. Ọwọ́ kan ló fi di ẹ̀mú tó gbé wáyà sókè, ó fi ọwọ́ kejì fa bẹ́líìtì, bẹ́líìtì ta padà, wáyà sì ká. Ó gbọ́ ọ nígbà tó já. Ìró rẹ̀ ò ju ti ìgbà tí èèyàn bá ṣẹ́ igi ìṣáná lọ, ṣùgbọ́n àwọn tó ń kọjá lójú pópó dúró nígbà tí wọ́n gbọ́ èébú tó tẹ̀lé e. Wáyà mìíràn tún di ohun tí wọ́n ń retí láti ọ̀nà jíjìn.

Lójoojúmọ́, ìyá á yọjú sí ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù.

"Ṣé ó ti ń kọrin?"

"Ó kù díẹ̀, Màámi!"

"Àbúrò ẹ ńkọ́? Kí ló ń ṣe lábẹ́ páànù bí ẹran?"

"Iṣẹ́ ló ń ṣe, Màámi!"

Ìyá ò yadi, etí nìkan ló ń dí. Lọ́jọ́ kan ó di férémù ilẹ̀kùn mú, ó ní, "Wọ́n ní bí a bá fi ọwọ́ òsì bá ọmọ wí, ká fi ọ̀tún fà á mọ́ra."

"Ọwọ́ òsì mi ló ń bá a wí, Màámi! Ọ̀tún mi ń ṣiṣẹ́! Èwo ló wá kù?"

Ìyá wò ó títí, ó rọra padà sínú yàrá. Rédíò tí wọ́n máa ń yí dé góńgó bẹ̀rẹ̀ sí í dákẹ́ látàárọ̀ dalẹ́. Máfọwọ́kàn-án rò pé ìròyìn ló sú u. Inú rẹ̀ tiẹ̀ dùn, pé ariwo dínkù. Bẹ́ẹ̀ ni o, inú rẹ̀ dùn.

Wáyà dé. Bẹ́líìtì tó tọ́ ò dé. Nígbà tó yá, ó gbé ìbínú mì, ó lọ bá ọkùnrin tó ń ta ẹ̀yà ara ẹ̀rọ àtijọ́ nínú àdúgbò. Ó júwe ẹ̀rọ náà fún un. Ọkùnrin náà na ọwọ́ sínú dúrọ́ọ̀ kan, ó mú bẹ́líìtì jáde.

"Èyí náà ni. Ṣùgbọ́n ìyá oníbínú, kí lẹ fẹ́ fi méjì ṣe? Irú ẹ̀ gan-an ni àbúrò yín rà lọ́wọ́ mi lọ́jọ́sí."

"Irú ẹ̀ gan-an?"

"Bó ṣe rí nìyẹn. Àwọn méjì ló wà nínú páálí ẹ̀. Ọ̀kan rèé."

Ó bínú sí ọkùnrin náà pé kí ló dé tí kò sọ ṣáájú, ọkùnrin náà sì ní ìgbà wo ni wọ́n béèrè lọ́wọ́ òun. Ó délé, ó ṣí ẹ̀rọ, ó tan iná kékeré sí ojú tí ẹ̀rọ fi ń kàwé, nǹkan tí kò tíì ráyè ṣe láti ọjọ́ yìí torí pé bẹ́líìtì ló ń bú. Ọ̀dà dúdú kan wà níbẹ̀, kò tó orí abẹ́rẹ́. Ìyẹn ni gbogbo ẹ̀ṣẹ̀ tó wà nínú ẹ̀rọ lọ́jọ́ náà. Bẹ́líìtì tó jù sínú gọ́tà kò ṣẹ ẹnikẹ́ni. Ká ní ó fi sùúrù wò ó lọ́jọ́ náà, òwú kan àti ẹ̀kán sípíríìtì kan ni, ìyá ìbá ti gbọ́ orin rẹ̀ kí ilẹ̀ tó ṣú. Ìbínú ò da nǹkan fún ni, ọmọdé mọ̀ ọ́n, ó sì mọ̀ ọ́n, kí ló wá fi mímọ̀ ọ́n ṣe?

Ó nu ojú náà mọ́. Ó mú ẹ̀mú, ó gbé wáyà tuntun sókè, ó rántí èyí tó já. Ó sọ ọ́ kalẹ̀. Ó tún gbé e. Ó tún sọ ọ́ kalẹ̀. Ó wá na orí gba fèrèsé ẹ̀yìn.

"Ìwọ! Wá di wáyà yìí mú!"

Kòséwu dìde lábẹ́ páànù bí ẹni tí wọ́n jí lójú oorun. Ó wọlé, ó dúró jìnnà sí tábìlì, ó fi ọwọ́ méjèèjì sẹ́yìn.

"Àǹtí mi, ẹ ní kí n má…"

"Mo ní kí o fọwọ́ kàn án. Fọwọ́ kàn án! Ṣé kí n kúnlẹ̀ ni?" Ó wo ilẹ̀ nígbà tó ń sọ èyí tó kù. "Bẹ́líìtì ẹ tọ́. Ojú ẹ̀rọ ló dọ̀tí. Díìsì náà ò sì parun tán. Ó ti pẹ́ tí mo ti mọ̀."

Kòséwu wò ó. Ojú rẹ̀ pọ́n. Ẹni tí kì í bínú yìí, inú bí i, ó sì tọ́ sí i.

"Ẹ mọ̀?" ó ní. "Ẹ mọ̀, ẹ sì jẹ́ kí n máa rò pé mo pa bàbá lẹ́ẹ̀kejì?"

"Bú mi tó bá yá. Di wáyà mú báyìí."

Kò bú u. Ó jókòó síbi tí bàbá fi í jókòó sí láti kékeré, ó gba ẹ̀mú, ó gbé wáyà sókè, ó sì di mímí mú. Ẹ̀gbọ́n fi bẹ́líìtì kọ́ wíìlì lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Wọ́n mú díìsì òkú nínú agolo, ẹ̀rọ ríran. Wọ́n ki díìsì bàbá bọ̀ ọ́. Ẹ̀rọ béèrè nǹkan kan lójú gíláàsì, àwọn méjèèjì sì gbá ara wọn lọ́wọ́ dànù kí wọ́n tó kà á. Ẹ̀gbọ́n rọra fa èyí tó kù lára orin náà jáde. Orí rẹ̀ ti lọ lóòótọ́, àmọ́ láti àárín lọ, ó pé.

Wọ́n gbé e lọ sí yàrá ìyá. Oòrùn ọ̀sán wà lórí bẹ́ẹ̀dì. Wọ́n gbé ẹ̀rọ lé e lórí ẹsẹ̀, Máfọwọ́kàn-án tẹ̀ ẹ́, ohùn ìrẹ̀ tín-ínrín náà sì jáde, ohùn tó máa ń mú wọn sáré wọlé láti ẹ̀yìnkùlé. Kòséwu bú sẹ́kún. Ìyá wo ẹ̀rọ, ó wo ojú ọmọ rẹ̀ ọkùnrin, ó wo ti obìnrin.

"Ṣé ó ti bẹ̀rẹ̀?" ó ní.

Ìyá tẹ orí wálẹ̀, ó gbé etí ọ̀tún lé orí ẹ̀rọ gan-an, ó dì í mú bí ìrọ̀rí.

"Ẹ tan án nígbà náà. Mo ti ṣe tán."

Orin náà kọ tán lábẹ́ etí rẹ̀, kò gbọ́ ọ.

Máfọwọ́kàn-án wá ẹni tó máa bínú sí. Ó wo àbúrò rẹ̀, kì í ṣe òun. Ó wo ẹ̀rọ, kì í ṣe òun. Ó rántí rédíò tó dákẹ́. Ó rántí bẹ́líìtì tí omi ń gbé lọ. Ìbínú náà yípo yàrá, ó sì padà wá bá olówó rẹ̀, ó gbóná nínú àyà rẹ̀ débi pé kò rí ohun mìíràn ṣe ju kó kúnlẹ̀ síbi etí ìyá rẹ̀, kó la ẹnu, kó sì fi ohùn tó fi ń lé oníbàárà ké orin náà jáde. Kò mọ orin kọ. Ohùn rẹ̀ le, ó sì ń ya bíi páálí tí wọ́n ń fà ya. Lójú pópó, ẹnì kan sọ fún ẹnì kejì pé Máfọwọ́kàn-án ti tún mú ẹnì kan.

Ìyá gbé orí sókè. Ojú rẹ̀ le.

"Kì í ṣe ibẹ̀ ló ti bẹ̀rẹ̀!" òun náà pariwo, bí àwọn tí kò gbọ́ràn ṣe máa ń pariwo. "Ta ló gé orí ẹ̀?"

Kòséwu ti fẹ́ sọ̀rọ̀. Ẹ̀gbọ́n di ọwọ́ rẹ̀ mú.

"Àwa méjèèjì ni, Màámi!"

"Ọmọ burúkú ni yín," ìyá wí. Ó gbé ọwọ́ lé orí ẹ̀rọ tó ti dákẹ́, ó sì kọ orí orin náà fúnra rẹ̀, pẹ̀lú ọ̀rọ̀ tí ọkọ rẹ̀ ò tẹ̀ sínú díìsì kankan, tí kò sì sọ fún ẹnikẹ́ni bí kò ṣe òun:

"Aya mi, bínú sí mi,
má dákẹ́ sí mi.
Ilé tí n kò ti gbọ́ ohùn rẹ
kì í ṣe ilé mi."

Ó dúró níbẹ̀, ó yí etí ọ̀tún sí ọmọ rẹ̀ obìnrin, ó ń retí. Máfọwọ́kàn-án nu ojú, ó sún mọ́ ọn, ó gba orin náà níbi tí ìyá rẹ̀ fi í sí, ó sì ń fi gbogbo agbára ké e títí ohùn rẹ̀ fi há.